Agboòrùn Kan, Ìyàwó Méjì

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ìyá bàbá mi kú, àáfà tó ń ṣe wáàsí nínú agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnká sọ pé olóògbé náà ní sùúrù, ó ní òótọ́ inú, kò sì jowú ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Ìyá Kékeré, orogún rẹ̀, tó jókòó sórí ẹní nítòsí ẹnu ọ̀nà, húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún húkọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo obìnrin orí ẹní náà fi ìborùn bo ẹnu, tí èjìká wọn ń gbọ̀n. Àáfà rò pé ẹkún ni wọ́n ń sun. Ó ní kí wọ́n gba kámú.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn, mo sì máa ń mọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kù lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àáfà ò sọ. Ràlíátù, ìyá bàbá mi, tí àwa ọmọ ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, tí gbogbo àdúgbò sì ń pè ní Ìyá Olófì, jowú. Ó jowú ju gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lọ. Owú yẹn náà ló sì fún un ní ọdún mẹ́sàn-án tí àìsàn ò fẹ́ fún un.

Aṣọ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà mi, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, ń rán fìlà ní Ọjà'ba, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ohun tó bá ṣe fún ìyàwó kan, ó gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Ní ìtúnú ààwẹ̀ kan, ó ra àǹkárá méjì bọ̀, irú kan náà, àwọ̀ kan náà. Ìyá Àgbà tẹ́ méjèèjì sórí ẹní, ó fi apá wọ̀n wọ́n láti imú dé orí ìka, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bàbá bi í pé ṣé ó dọ́gba. Ó ká tirẹ̀, ó gbé e sábẹ́ abíyá.

"Ó dọ́gba," ni ó wí. "Àmọ́ ti Ìyàwó lẹ kọ́kọ́ mú jáde nínú àpò."

Lọ́jọ́ mìíràn, mo jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Kékeré. Ebi ń pa mí, òun ló sì kọ́kọ́ sọ oúnjẹ kalẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Ìyá Àgbà ò fi dá mi lóhùn. Ní ọjọ́ kẹta, bí mo ṣe ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́, ó bá mi sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè: "Ṣé ata ọ̀hún dùn?"

Kíjìpá ló ń hun, lórí òfì obìnrin, èyí tí wọ́n máa ń gbé dúró mọ́ ògiri. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òfì rẹ̀ wà, níbi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà Bàbá, ẹnu ọ̀nà Ìyá Kékeré àti ẹnu àbáwọlé agbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ará ilé máa ń sọ pé ó lè hun odindi aṣọ kan láìwò ó. Òótọ́ ni. Kò ráyè wo aṣọ.

Ọdún òmìnira ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Kókó kan yọ sí i lọ́mú òsì, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fi ọ̀já gbà á mọ́ra. Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ fura, kì í sì í ṣe ojú ló fi rí i. Àwọn tó ń hun kíjìpá ní igi pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní apàsà, òun ni wọ́n fi ń gbá òwú mọ́lẹ̀. Ìyá Kékeré lọ bá Bàbá, ó ní, "Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Apàsà Ìyáálé mi ò dún bó ṣe ń dún tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń gbá a." Bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn. Ìyá Àgbà ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ó ní, "Ta ló rán an pé kó máa gbọ́ ọwọ́ mi?"

Dókítà tó ń tọ́jú ìdílé wa, tó ní ilé ìwòsàn kékeré sí abẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ọ̀rányàn, wò ó, ó sì kọ ìwé fún un lọ sí ọsibítù ńlá. Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà. Ìgbà tí ojú egbò jinná, wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ tiwọn ti parí, àmọ́ kó máa lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ lóṣooṣù, torí pé àrùn náà lè rọra padà.

Kò lọ. Oṣù kan kọjá, oṣù mẹ́rin kọjá. Bàbá bẹ̀ ẹ́. Bàbá mi, Lásísì, tí í ṣe àkọ́bí rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ fún un. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn fi gbogbo ọ̀rọ̀ ìwé tí mo mọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ mi tán.

"Wọ́n ti gé e," ni ó wí. "Kí ni kí n tún lọ fi hàn án? Ibi tó wà tẹ́lẹ̀?"

Mo ní kò wá burú kí dókítà wulẹ̀ wò ó. Ó mi orí. "Tí mo bá lọ, á rí nǹkan. Tí mi ò bá lọ, kò sí nǹkan."

Bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ yẹn yí nìyí tí Ìyá Kékeré fi lóyún. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú. Dókítà ní kó máa wá ní ọjọ́ Àtàláátà àkọ́kọ́ nínú oṣù. Torí oòrùn, Bàbá mú agboòrùn dúdú rẹ̀, ó nà án lé e lórí, wọ́n sì jọ jáde. Wọ́n gba iwájú òfì kọjá. Mo wà níbẹ̀. Ìró apàsà dá.

Kò tún dún títí wọ́n fi padà dé.

"Bàbá Lásísì, ibo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ilé dókítà ni. Ìwọ náà mọ̀ pé kò lè dá rìn báyìí, Ràlíátù."

"Mo mọ̀. Mo tún mọ̀ pé ẹ na agboòrùn lé e lórí láti ibí dé Ọ̀rányàn, kí gbogbo Ọjà'ba lè rí i."

"Oòrùn ló mú."

"Oòrùn ò mú nígbà tí wọ́n gé ọmú mi?"

Ìyá Kékeré ti yọ́ wọlé.

"Àtàláátà tó ń bọ̀," ni Ìyá Àgbà wí, ó sì mú apàsà rẹ̀, "èmi náà ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ gbé agboòrùn dání."

Ohun tí ẹ̀bẹ̀ oṣù mẹ́rin ò lè ṣe, òjìji agboòrùn ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin ilé: Àtàláátà àkọ́kọ́ jẹ́ ti Ìyàwó, Àtàláátà kejì jẹ́ ti Ìyáálé. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀ ló ni agboòrùn.

Mo lọ bá dókítà náà lóṣù yìí. Orí rẹ̀ ti funfun. Mo bi í bí Ìyá Àgbà ṣe ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò bi mí bóyá àrùn náà ti padà. Ó ní, 'Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fi wo ìyàwó mi?' Mo ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní kí n fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wo òun, torí pé òun ni ìyáálé. Mo wò ó fún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo fọwọ́ kan ọrùn, mo fọwọ́ kan abíyá, mo gbọ́ àyà, mo wọn ẹ̀jẹ̀. Kò sí aláìsàn tí mo fara balẹ̀ wò tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí."

Torí iṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo bi àwọn tí wọ́n ti gba ìtọ́jú irú àìsàn yìí tán nípa ohun tó ṣì ń gbé wọn wá. Obìnrin kan láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú sọ pé, "Nílé, wọn ò jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀. Tí mo bá ní ẹ̀yìn ń dùn mí lásán, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Dókítà kì í sunkún." Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi ní tirẹ̀ wí pé, "Mo ń wá kí n lè rí oorun sùn ni. Tó bá ti wò mí tó ní kò sí nǹkan, oṣù yẹn ti dùn." Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò padà sí ọsibítù ńlá. Ìyá Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú wò mí bí ẹni tó bèèrè ohun tí ò mọ́gbọ́n dání. "Ọ̀hún, ọmú mi ni wọ́n mọ̀. Ibí yìí, wọ́n mọ ọmọ mi."

Kò sẹ́ni tó dárúkọ owú nínú wọn. Èyí ni pé Ìyá Olófì nìkan ni, tàbí kó jẹ́ pé òun nìkan ni kò tijú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ náà ti mú kí apá òsì rẹ̀ wúwo. Dókítà ní kó máa dúró ti ògiri, kó máa na ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, kó máa sàmì sí ibi tó bá dé, kí òun lè bèèrè nígbà tó bá wá. Ó fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ òfì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmì náà ò kúrò lójú kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a bá ilà èédú dúdú kan lókè ẹfun náà, tó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àti díẹ̀ ga jù ú lọ.

"Ta ló fi èédú ba ògiri mi jẹ́?"

"Èmi ni, Ìyáálé mi. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ tèmi dé ni."

Èébú tí Ìyá Àgbà bú u lọ́jọ́ náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Àmọ́ àràárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí ògiri, tí yóò di ètè mọ́ eyín, tí òógùn yóò máa bọ́. Kí oṣù náà tó parí, ẹfun ti ga ju èédú lọ ní ìwọ̀n ìka kan. Kò pe Bàbá, kò pe èmi. Ó ní, "Ẹ pe Ìyàwó kó wá wò ó."

Ìyá Kékeré bí ọmọbìnrin. Inú gbogbo wa dùn, àmọ́ àyà bàbá mi ń já. Oyún ti tán, ìrìn ọjọ́ Àtàláátà ti tán. Ìyá Àgbà náà sì sọ ọ́ jáde lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ: "Òun ti ṣe tirẹ̀, èmi náà ti ṣe tèmi. Ó parí."

Oṣù kan kọjá. Ní Àtàláátà àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Kékeré wé gèlè, ó pọn ọmọ, ó fi tìróò sójú. Bàbá mú agboòrùn.

"Ibo nìyẹn?" ni Ìyá Àgbà bèèrè láti ìdí òfì. "Ṣé o tún ti lóyún ni?"

"Rárá o, Ìyáálé mi. Ilé dókítà ni."

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú dókítà ni."

Mo rí ojú ìyá mi àgbà lọ́jọ́ náà. Ká ní Bàbá gbé ìyàwó kẹta wọlé, kò lè burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Àtàláátà kejì, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kí Bàbá tó rí fìlà rẹ̀ dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí lóṣooṣù, láti ọdún dé ọdún. Ní ọdún kẹta, dókítà fọwọ́ kan nǹkan kan lábẹ́ abíyá rẹ̀ tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Wọ́n tètè yọ ọ́. Dókítà sọ fún mi pé, "Ká ní ó fi oṣù mẹ́fà pẹ́ sí i, n kì bá tí lè ṣèlérí nǹkan kan." Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni: "Ṣé Ìyàwó lọ ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀?"

Kí n jẹ́wọ́ tèmi náà. Mo jowú dókítà yẹn. Mo bẹ Ìyá Àgbà títí pé kó jẹ́ kí n sìn ín lọ. Ó ní, "Akọ̀ròyìn, o fẹ́ lọ kọ ọmú mi sínú ìwé ìròyìn?" Kò sẹ́ni tó rí àpá yẹn nínú ilé wa, Bàbá pàápàá ò rí i. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn kó tó pààrọ̀ aṣọ. Ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí wa ló ń fi hàn, tó sì ń bá sọ ohun tí kò bá wa sọ. Ó dùn mí, mo sì sọ fún un. Kò bínú.

"Ẹ̀yin, ojú mi lẹ máa ń wò, bóyá mo máa kú," ni ó wí. "Òun, apá mi ló máa ń wò, bóyá ó gbéra."

Ó ti pé ọdún méjì tí Bàbá kú. Àwọn obìnrin méjèèjì ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ẹrù, àgbà ilé kan ní kí agboòrùn jẹ́ ti bàbá mi. "Rárá," ni Ìyá Àgbà wí. "Rárá," ni Ìyá Kékeré wí. Ẹnu wọn kò tíì kò báyẹn rí. Wọ́n kan ìṣó mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní àárín ilẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n sì gbé agboòrùn náà kọ́ síbẹ̀. Ó ṣì jẹ́ Àtàláátà àkọ́kọ́ fún Ìyàwó, ìkejì fún Ìyáálé.

Ìdí òfì ni Ìyá Àgbà kú sí lọ́sàn-án, lẹ́yìn ìrun àìlà. Dókítà wá fúnra rẹ̀. Ó ní ọkàn ló dá iṣẹ́ dúró, jẹjẹrẹ kọ́. Ìyá Kékeré wà lára àwọn tó wẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo lọ dúpẹ́ ní Ọ̀rányàn, mo ní kí nọ́ọ̀sì bá mi yọ káàdì àwọn ìyá mi méjèèjì. Ti Ìyá Àgbà nípọn, wọ́n ti fi òwú dì í pọ̀. Ti Ìyá Kékeré jẹ́ ewé kan péré.

"Èyí tó kù ńkọ́?"

"Èwo ló kù? Ìyẹn ò débí mọ́ láti ìgbà tó ti bímọ."

Mo gba ilé lọ. Ìyá Kékeré ń ṣa òwú tó kù nídìí òfì. Torí pé wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa, kì í dárúkọ mi, ó sì máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ni mo jẹ́ fún un.

"Ìyá Kékeré, ibo lẹ máa ń lọ lọ́jọ́ Àtàláátà?"

Ó ṣa òwú díẹ̀ sí i. "Ẹ ti lọ wo ìwé, Akọ̀wé mi."

"Mo ti wò ó."

"Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn àwọn fìlà, màá máa jẹ ẹ̀pà. Tó bá ti tó àsìkò, màá padà wálé."

"Bàbá mọ̀?"

"Wọ́n kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n má purọ́, kí wọ́n ṣáà na agboòrùn. Wọn ò purọ́ o, wọ́n kàn rìn ni."

Mo ní mi ò mọ̀ pé ó fẹ́ràn ìyá mi tó bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó sì bínú gidi.

"Ta ló ní mo fẹ́ràn wọn? Ẹ má kọ ìyẹn o. Tí Ìyáálé bá kú nígbà náà, ṣé ẹ rò pé Bàbá á máa wo èmi nìkan? Kí ọdún tó yípo, wọ́n á ti mú ọmọge kan wọlé, èmi á wá di ìyáálé. Èmi ni màá wá jókòó sídìí ògiri, tí màá máa wo ẹni tí agboòrùn wà lórí rẹ̀. Mo ti rí bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí. Kò wù mí."

"Lẹ́yìn tí Bàbá wá kú ńkọ́?"

Ó ní, "Ìyáálé ká mi mọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ṣì wà láyé. Wọ́n wá ra òwú ní Ọjà'ba ní ọ̀sẹ̀ tèmi, mo gbójú sókè báyìí, àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin. Ẹ̀pà wà lẹ́nu mi. Wọ́n gbójú kúrò, wọ́n kọjá. Mo ní ó ti parí. Nígbà tí Àtàláátà tèmi tún pé, mo jókòó sí yàrá, ojú ń tì mí. Mo wá gbọ́ ohùn wọn láti ìdí òfì: 'Ìyàwó! O ò tíì múra? Ṣé o fẹ́ kí dókítà máa dúró dè ọ́ ni?'"

Ó fi òwú sílẹ̀. "Bí a ṣe wà nìyẹn. Tí mi ò bá jáde, wọn ò ní jáde."

Mo bi í bí wọ́n ṣe wẹ ìyá mi. Ó na ìka sí àyà ara rẹ̀, ó fà á láti egungun ọrùn wá sí abẹ́ apá. "Àpá náà gùn tó báyìí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jowú dókítà, pé òun rí i, èmi ò rí i. Mo ti wá rí i."

Ó dìde, ó bọ́ sí yàrá. Nígbà tó jáde, ó ti wé gèlè. Ó ní Ọ̀rányàn lòun ń lọ, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kí dókítà wo ọmú tòun. Òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀. Mo nawọ́ mú agboòrùn Bàbá lórí ìṣó, mo gbé e fún un.

Ó yẹra fún un bí ẹni tí mo fẹ́ fi iná kàn.

"Ẹ gbé e padà síbẹ̀, Akọ̀wé. Àtàláátà kejì la wà lónìí. Ọ̀sẹ̀ wọn ni."

Ó sì bọ́ sínú òjò.